Báàgì Tí Wọ́n Fi Awọ Àga Bàbá Mi Rán

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í rìnrìn àjò láìsí lísìtì. Bó ṣe Ìmùṣin péré lo fẹ́ lọ kí ìyá àgbà, tí o sì máa padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, bàbá mi yóò mú bébà, yóò fa ìlà sí i láàárín, yóò kọ ohun tí ò ń mú lọ sí apá kan, yóò kọ ohun tí ò ń mú bọ̀ sí ìkejì. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó, yóò máa pe nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ yóò sì máa gbé e sókè kó rí i. Tó bá parí, yóò fún ọ ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló jẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìgbà tó sì fẹ̀yìn tì, àwa ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù tó lè máa fún ní máàkì.

Èmi ni àbíkẹ́yìn, èmi ni mo sì dà á láàmù jù. Dókítà ló fẹ́ kí n jẹ́, tàbí lọ́yà. Bí mo bá kọ méjèèjì, kí n kúkú ṣe tíṣà kí ìtìjú náà lè kéré. Mo ní bàálù ni mo fẹ́ wà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó wà ní Ìkẹjà." Mi ò mọ ìgbà tí Ìkẹjà di iṣẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan gbà mí gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Awakọ̀ kejì ni ẹni tó ń jókòó lápá ọ̀tún ọ̀gá awakọ̀, tó ń dá àwọn tó wà nílẹ̀ lóhùn, tó ń ka ìwé, tó sì ń gba ìbáwí. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti fìlà. Wọn kò fún mi ní báàgì. Bébà kan ni wọ́n fún mi, tí wọ́n tẹ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì awakọ̀ sí: láísẹ́ǹsì, ìwé ìlera, ìwé tí a ń kọ wákàtí sí, máàpù ojú ọ̀nà, máàpù pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé ńlá tó ṣàlàyé bí bàálù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí a ń fi sétí gbọ́rọ̀, tọ́ọ̀ṣì, rúlà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí kálukú lọ wá báàgì rẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo mú bébà náà lọ sílé.

Bí bàbá mi ṣe rí i, ojú rẹ̀ tàn. Lísìtì ni. Iṣẹ́ tó bá ní lísìtì, iṣẹ́ gidi ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mú báírò pupa, ó tún sípẹ́lì kan ṣe, ó wá gbójú sókè wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ mí.

"Báàgì wo lo fẹ́ kó wọn sí?"

Mo ní mo ti rí oní-náílọ́ọ̀nù dúdú kan ní Ìdúmọ̀tà.

"Náílọ́ọ̀nù? Àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú ló ń kẹ́rù sí náílọ́ọ̀nù. Ta ló lé ẹ?"

Mo ṣàlàyé fún un pé báàgì aláwọ onígun mẹ́rin ni àwọn ọ̀gá wa ń lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni wọ́n ti rà á nígbà tí náírà ṣì lágbára. Náírà ti rẹlẹ̀ báyìí, ọjà òkè òkun sì ti di ohun tí a ń fojú wò. Bàbá mi dìde lórí àga rẹ̀, ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àga náà.

Àga yẹn kì í ṣe àga lásán. Àwọn tó ti kọ́ níwèé ló dáwó jọ nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ra àga ńlá aláwọ kan fún un. Awọ rẹ̀ dúdú, ó nípọn, ó ń dán, ó sì ń rùn bíi bàtà tuntun. Ẹlòmíràn kì í jókòó sí i. Bíṣọ́ọ̀bù wá kí wa nígbà kan, àga onígi ni a gbé fún un. Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ti mọ ohun tó ń bọ̀. Tíṣà ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti fi abẹ tú gbogbo ojú rírán àga náà. Ohun tó ṣẹ́ kù ni fóòmù, pákó àti ìṣó. Ìyá mi wá kọ́tìnnì kan tó ti gbó, ó fi bò ó. Bàbá mi jókòó sí i, ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ó tiẹ̀ tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oníṣẹ́ awọ kan wà nítòsí ọjà Òkè Ajé tó ń rán bàtà fún gbogbo ilé wa. Mùsùlùmí ni, àgbàlagbà ni, kì í sì í ta ohun tó ti rán sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ara ẹni tó ni nǹkan ló máa ń wọn nǹkan mọ́. Bẹ́líìtì lásán lo bá ní kó rán fún ọ, á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ohun tí o sábà ń jẹ lálẹ́. Bí bàbá mi ṣe tẹ́ awọ náà síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n dìde dúró.

Ó wọn apá mi láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ó wọ̀n láti ìka mi dé ilẹ̀, kí báàgì má baà máa wọ́lẹ̀. Ó wọn ìbàdí mi, ó wọn orúnkún mi, ó ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n padà. Ó ní ẹsẹ̀ òsì mi máa ń yà síta díẹ̀ tí mo bá ń rìn, pé òun yóò fi ìyẹn sínú ìṣirò. Bàbá mi dúró tì í, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló máa wà nínú rẹ̀?" ni ọkùnrin náà bèèrè.

Bàbá mi ka lísìtì ilé iṣẹ́ fún un, ó sì fi tirẹ̀ kún un: Bíbélì, ìwé orin, orín méjì, abẹ́rẹ́ àti òwú, ìgò omi, àti bébà kan tí orúkọ mi àti àdírẹ́sì ilé wa máa wà nínú rẹ̀, bó bá ṣẹlẹ̀ pé mo sọnù.

"Bàbá, awakọ̀ kì í sọnù," ni mo wí.

"Gbogbo ẹni tó sọnù ló ti sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Ìyá mi, tó bá wa wá, ní kí wọ́n wá ibi tí gàrí máa wà. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Bí a ṣe wọn ohun gbogbo lọ́jọ́ náà nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ohun ẹni, ara ẹni ni à ń wọ̀n ọ́n mọ́. Àgbàlagbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èmi náà sì kàwé. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ronú pé ó yẹ kí á wọn bàálù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, báàgì jáde. Ó rẹwà, mi ò ní tàn yín. Àpò mọ́kànlá ló ní. Orín ní ibi tirẹ̀, abẹ́rẹ́ ní ibi tirẹ̀, gàrí ní ìdérí. Nígbà tí mo gbé e, kò gbá mi lórúnkún, kò wọ́lẹ̀, ó ń bá ìrìn mi lọ bí ẹni pé a jọ wáyé ni. Bàbá mi ló dì í fúnra rẹ̀, ó ní kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ohun tó wúwo nísàlẹ̀, ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ lókè, tọ́ọ̀ṣì níbi tí ọwọ́ ti lè bà á nínú òkùnkùn. Ó lẹ bébà pélébé mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan, ó fi ìkọ̀wé ojú pátákó rẹ̀ kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó wá fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló di ẹrù.

Nígbà tí mo ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bàbá mi sọ fún un pé, "Ọmọ mi nìyẹn. Bàálù ló ń wà." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n omi dé sí mi lójú. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń retí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé báàgì mi wọ bàálù. Yàrá awakọ̀ há. Láàárín àga kọ̀ọ̀kan àti ògiri ni àlàfo kékeré kan wà, ibẹ̀ ni báàgì ń wọ̀. Mo sọ tèmi kalẹ̀ síbẹ̀. Kò wọlé. Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síwájú, kò wọlé. Mo fi orúnkún tì í. Ọ̀gá awakọ̀, ẹni tó ti ń wa bàálù láti ìgbà tí mo ti wà nínú ṣòkòtò penpe, tó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀, pa ìwé ìròyìn rẹ̀ dé, ó ń wò mí.

"Ṣé ò ń kó kúrò nílé ni?"

"Báàgì mi ni, sà."

"Èyí? Mo rò pé èrò ọkọ̀ kan ni."

Mo ní kí n gbé e sẹ́yìn àga. Ó ní ẹ̀yìn àga ni a máa gbà sá jáde bí iná bá sọ. Mo ní kí n gbé e lé itan. Ó ní èwo nínú ọwọ́ mi ni n óò wá fi wa bàálù? Níkẹyìn, wọ́n gbé e lọ sínú ikùn bàálù pẹ̀lú ẹrù àwọn èrò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fò lọ sí Kánò, tí máàpù Kánò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ, tí mo sì ń yọ́jú wo ti ọ̀gá bí ọmọ tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò. Nígbà tí a balẹ̀, ó sọ fún mi ní pẹ̀lẹ́tù pé ọjọ́ tí òun bá tún rí báàgì yẹn nínú yàrá òun, báàgì náà ni yóò fò, èmi ni yóò wà nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo yọ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde láìdé ilé, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ awọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ìbú rẹ̀ kù."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó tóbi jù, sà."

"Dìde dúró."

Ó tún mi wọ̀n láti òkè délẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi wé ti tẹ́lẹ̀, ó pa ìwé náà dé. "O ò yí padà," ó ní. "Báàgì yẹn ò tóbi jù."

"Bàálù ni kò gbà á, sà."

"Ṣé bàálù ló ni báàgì ni?"

Mo ronú sí i. "Rárá, sà."

"Kí wọ́n lọ tún bàálù ṣe nígbà náà."

Ó ní awọ tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé tún gé, àpò mọ́kànlá á di márùn-ún, orúkọ òun á sì bàjẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé mo takú, bàbá mi ló gbé iṣẹ́ wá, bàbá mi ni kó wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún bàbá mi. Ó wò mí títí, ó ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ ara oníbàárà kan fún òmíràn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n lọ sọ ọ́. Ilé wa kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí àga tí wọ́n fi kọ́tìnnì bò, mo sì ń gbọ́ ohun tó sọ fún ọkùnrin tó ń kọjá. Bí mo bá sọ ọ́, awọ kò ní padà sórí àga, ó sì lè jẹ́ pé "Ó wà ní Ìkẹjà" ni a máa padà sí. Mo padà sí Èkó, mo lọ ra náílọ́ọ̀nù.

Bí mo ṣe di oníbàágì méjì nìyẹn. Ti náílọ́ọ̀nù ń fò. Ti awọ ń sùn lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò ìjàpá mi, tí mo fi aṣọ bò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń lọ sílé, bàbá mi sì gbọ́dọ̀ yẹ báàgì wò kó tó jẹ́ kí n jẹun. Láísẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni mo ní, máàpù kan ṣoṣo. Nítorí náà, tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Odògbólú, n óò dúró lábẹ́ igi kan, n óò tú náílọ́ọ̀nù, n óò máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ti awọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí bébà tó wà lára àpò ṣe wí. N óò ra bátìrì tuntun fún tọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ń padà lọ́jọ́ kejì, n óò tún dúró, n óò tún kó wọn padà. Èmi awakọ̀ gidi, tó ní láísẹ́ǹsì ìjọba, wá ń múra bí ẹni tó ń ṣe awakọ̀ nínú eré orí ìtàgé.

Fọganáísà kan wà lábẹ́ igi yẹn, tó ń lẹ táyà. Nígbà tó rí mi tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó súnmọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìyàwó mélòó lẹ ní?"

Mo ní n kò tíì níyàwó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjì ni tòun, kò sì sí ohun tí òun kò tíì rí nínú ọ̀rọ̀ náà: ìyàwó Èkó ló ra náílọ́ọ̀nù, ìyàwó Ìjẹ̀bú-Òde ló ra aláwọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnì kan rí ti ẹnì kejì. Ó ní kí n mú ti Ìjẹ̀bú-Òde dání dáadáa. Mo ní kì í ṣe ìyàwó, bàbá mi ló fún mi ní aláwọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ bàbá ni, ó le ju ti ìyàwó lọ," ó ní. "Èèyàn lè kọ ìyàwó."

Tí mo bá délé, bàbá mi á ti jókòó dè mí lórí fóòmù rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan tó fa ìlà sí fún máàkì mi. "Tọ́ọ̀ṣì." Mo gbé e sókè. "Tàn án." Mo tàn án. "Máàpù Kàdúná." Mo gbé e sókè. Àwọn ará àdúgbò a máa wá wòran. Bí àlejò bá sì béèrè ohun tó ṣe àga rẹ̀, bàbá mi á tọ́ka sí òrùlé, á ní, "Awọ rẹ̀ ń fò." Nígbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kan, ó yí báàgì náà síwá sẹ́yìn, kò rí ojú ibi tó họ kankan. Ó ní ẹni tó bá mọ ẹrù ṣìkẹ́ ló mọ ẹ̀mí ṣìkẹ́, ó sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí mo dé Èkó, mo fi òkúta ha báàgì náà lára díẹ̀, kó lè dà bí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo tún lọ, ó fi ìka tọ ibi tí mo ha. Ó lọ mú kíwì, ó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kùn ún, kò sì dẹ́kun àtimáa sọ fún mi pé kò ṣe nǹkan, pé iṣẹ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọkùnrin yìí ti nà mí rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, nítorí mo ní mo ti fọ eyín nígbà tí n kò tíì fọ ọ́. Mo jókòó tì í, mo kórìíra ara mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju ọdún kan lọ. Ilé iṣẹ́ wa máa ń fún òṣìṣẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kan lọ́dún fún òbí. Mi ò mẹ́nu bà á nílé, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ wa kan gbọ́, ó sì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi kò wọ bàálù rí. Ó ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun ní Kàdúná, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èmi ni n óò wa òun lọ. Mo ní ooru mú níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní òjò ń rọ̀ níbẹ̀ jù. Ó ní kí n mú ọ̀kan.

Ọjọ́ pé. Mo ti ronú sí i, bí òmùgọ̀ ṣe ń ronú. Náílọ́ọ̀nù ti wà nínú yàrá awakọ̀ láti òwúrọ̀. Èrò mi ni pé kí n gbé aláwọ kọjá níwájú bàbá mi, kó rí i, kí inú rẹ̀ dùn, tí mo bá wá dé ẹ̀gbẹ́ bàálù, kí n fà á fún àwọn tó ń kẹ́rù. Kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì ni bàbá mi wọ̀. Bí mo ṣe kọjá lára àwọn èrò tó tò lórí ìlà, mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ pé, "Ẹ rí báàgì yẹn? Awọ àga mi ni." Obìnrin náà súnmọ́ iwájú díẹ̀ sí i.

N kò ronú kan fèrèsé. Ojú fèrèsé ni wọ́n fún bàbá mi. Ó jókòó, ó so bẹ́líìtì, ó wo ìta, ó sì rí àwọn tó ń kẹ́rù tí wọ́n gbé báàgì mi, tí wọ́n fì í lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì jù ú lé orí àpò iṣu nínú ikùn bàálù.

Èmi àti ọ̀gá ti ń ka ohun tí a máa ń kà kí a tó tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa. Ohùn tí bàbá mi máa ń fi pe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sí ìlà láàárọ̀ ni.

"Ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbéra."

Obìnrin tó ń tọ́jú èrò ní kó jókòó. Ó ní òun kò ní jókòó. Ó ní wọ́n ti ṣèèṣì kó báàgì awakọ̀ mọ́ ẹrù èrò, pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, máàpù Kàdúná wà nínú rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, òun mọ̀ nítorí òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọmọ mi ni," ó ní. "Bí kò bá sí báàgì yẹn, kò mọ ọ̀nà."

Gbólóhùn yẹn ló dá rúgúdù sílẹ̀. Oníṣòwò kan dìde, ó ní bí awakọ̀ kò bá mọ ọ̀nà, kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn mélòó kan ń ṣe àmín. Ọkùnrin kan ní kí ọkàn wọn balẹ̀, òun mọ ọ̀nà Kàdúná dáadáa, tí a bá ti rí afárá Jẹ́bà nísàlẹ̀, ká máa lọ tààrà.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ta nìyẹn?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Báàgì yẹn náà ni?"

"Òun ni, sà."

Ó bọ́ ohun tó wà létí rẹ̀. "Lọ mú wọn wá," ó ní, "kí á tó gba awakọ̀ tuntun láàárín èrò."

Mo jáde. Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá mi dúró láàárín ọ̀nà. Mo rò pé inú ń bí i ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló ń bà á, èmi ni ẹ̀rù náà sì ń bà á fún. Ó rò pé wọn óò lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí báàgì tó sọnù.

"Má mikàn," ó sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rí ibi tí wọ́n gbé e sí."

Mo dì í lọ́wọ́ mú wọ yàrá awakọ̀. Mo fa náílọ́ọ̀nù jáde nínú àlàfo rẹ̀, mo ṣí i, mo sì gbé nǹkan sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Láísẹ́ǹsì. Máàpù. Tọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sínú àlàfo náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n láti àga dé ògiri. Ó tún un wọ̀n.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá."

Ó nà ró, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó kí ọ̀gá wa, ó sì padà síta. Mo gbọ́ ọ tó sọ fún gbogbo wọn pé, "Ẹ jókòó. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹrù rẹ̀ pé." Wọ́n jókòó, títí kan ẹni tó mọ ọ̀nà. A sì fò. Ní Kàdúná, ó dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi gbé báàgì aláwọ jáde, ó gbọn eruku iṣu kúrò lára rẹ̀, ó gbé e, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo kọjá Odògbólú láìdúró. Náílọ́ọ̀nù nìkan ló wà nínú mọ́tò. Nílé, báàgì aláwọ wà lábẹ́ tábìlì, ìyá mi ti da gàrí sínú àpò mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Bàbá mi wà lórí fóòmù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní nítorí àga ni, pé mi ò fẹ́ kó dùn ún pé lásán ló bọ́ awọ rẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ṣé àga ló ń dùn mí lójú tìrẹ?"

Ó ṣí ìwé máàkì náà, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́wàá, títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

"Odindi ọdún kan," ó ní, "o jẹ́ kí n máa fún ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣe ní máàkì."

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ì bá sàn fún mi kó nà mí. Ó mú báírò pupa, ó fa ìlà kọjá lórí gbogbo máàkì náà, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì, kò kánjú. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ déètì sí i.

"Gbé èyí tó ń fò wá."

Mo gbé náílọ́ọ̀nù síwájú rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù lálẹ́ àná náà ló ṣe wà: máàpù ká jọ, bíṣíkíìtì àjẹkù wà láàárín ìwé, ìbọ̀sẹ̀ ìdọ̀tí wà lórí gbogbo rẹ̀.

"Tọ́ọ̀ṣì."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó bà á.

"Tàn án."

Kò tàn. Ojú rẹ̀ wà lára mi, ó ń dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Òru mélòó lo ti fi fò pẹ̀lú èyí?"

Mi ò mọ̀. Ó kọ méjì nínú mẹ́wàá, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tún un dì. Mo tú u. Mo kúnlẹ̀ láàárín máàpù àti ìwé, mi ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí fóòmù dún. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú èyí tó wúwo jù, ó nà án sí mi.